Ọjọ́ 59 ni wọ́n ní láti fi tún Windows wọn ṣe kí WannaCry tó dé: Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò tó ń lo kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò lè ṣí ìwé ìtọ́jú àwọn aláìsàn wọn mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà wọn pọ́n dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà lára ẹ̀ tó ní wọ́n ti ti gbogbo fáìlì inú ẹ̀ pa, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i padà yóò san $300 pẹ̀lú owó Bitcoin. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsan án, owó náà yóò di $600. Tó bá wá pé ọjọ́ méje, wọ́n ní kí onítọ̀hún má wulẹ̀ wá fáìlì ẹ̀ mọ́. Ni àwọn dókítà bá padà sídìí bébà àti bírò. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn pàjáwìrì bọ̀, ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ló fara gbá a. Iléeṣẹ́ Renault tó ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé dá iṣẹ́ dúró láwọn ibì kan, Telefónica tó ń ta fóònù ní Spain náà kàgbákò, FedEx tó ń kó ẹrù káàkiri ayé kò bọ́, àwọn ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń fi àkókò ọkọ̀ ojú irin hàn ní Jámánì sì gbé àwòrán pupa náà sójú àwọn èrò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bíi 150.

WannaCry ni wọ́n pe fáírọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó ká oníṣòwò lára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe bó ṣe tàn kálẹ̀. Ohun náà ni pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dí ihò tí fáírọ́ọ̀sì náà gbà wọlé jáde, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 59 gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tí oògùn jáde àti ọjọ́ tí àìsàn dé. Ẹni tó fi àtúnṣe náà sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ láàárín àkókò yìí, ìròyìn ni WannaCry jẹ́ fún un. Ẹni tó ní òun yóò ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àdánù ló kó.

Àjọ tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, National Audit Office, gbé àbọ̀ ìwádìí ẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Nínú àjọ ilé ìwòsàn 236 tó wà ní England, ó kéré tán 81 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bẹ́ẹ̀ ni ilé dókítà kéékèèké 595 náà kó o. Wọ́n fojú bù ú pé àdéhùn aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí wọ́n fagi lé ju 19,000 lọ. Lọ́dún 2018, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ìlera níbẹ̀ ṣírò gbogbo àdánù náà sí £92 mílíọ̀nù. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé ìkìlọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù Kẹta, ó tún dé ní oṣù Kẹrin, pé kí wọ́n tètè fi àtúnṣe yìí sí i. Àwọn kan ka ìwé ìkìlọ̀ náà, wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ihò wo lára ògiri wo?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Windows ni ògiri tí à ń wí yìí. Òun ni ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé orí ẹ̀ ni Excel, Word, ètò ìṣírò owó àti gbogbo nǹkan tó kù ń dúró lé. Èèyàn ló kọ ọ́, ìlà iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán lọ. Kò sí bí àṣìṣe ò ṣe ní í wà níbẹ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Díẹ̀ nínú wọn ni ihò tí olè lè gbà wọlé.

Nínú Windows, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní SMB. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní ọ́fíìsì kan náà máa pín fáìlì lò, òun náà ló sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mẹ́ta máa lo printer kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí ń gbà gba àlejò ní nọ́ńbà, 445 ni. Àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀yà àtijọ́ iṣẹ́ náà ni pé bí ẹnì kan bá to ọ̀rọ̀ jọ lọ́nà burúkú kan, tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà náà, kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ gbá lójú, yóò gbàgbé ara ẹ̀, yóò sì máa ṣe ohunkóhun tí àlejò náà bá ní kó ṣe.

Kò béèrè password, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkankan. Ibí yìí ló yẹ ká ti dúró díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé kí fáírọ́ọ̀sì tó lè wọ kọ̀ǹpútà àwọn, àfi kí ọmọ ọ́fíìsì kan ṣí ìméèlì tí kò mọ̀, tàbí kí oníbàárà ki flash tó ní àrùn bọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yẹn wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n irú ihò tí à ń sọ yìí kò nílò àṣìṣe ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì. Ẹ lè ti ṣọ́ọ̀bù yín pa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ lọ síbi ìnáwó, kí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti kó o kí ẹ tó dé. Tó bá sì ti wọ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yẹn fúnra ẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn gbogbo èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí WannaCry fi yára tó bẹ́ẹ̀. Kò dúró de ẹni tó máa tẹ ẹ́.

Ìtàn bí ihò náà ṣe di mímọ̀ kò dùn mọ́ ìjọba Amẹ́ríkà nínú rárá. Àjọ amí wọn tí wọ́n ń pè ní NSA ló rí i, tí wọ́n sì ṣe ohun èlò kan tí wọ́n sọ ní EternalBlue láti máa gbà á wọlé sínú kọ̀ǹpútà àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Wọn ò kọ́kọ́ sọ fún Microsoft. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ohun èlò náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Shadow Brokers, àwọn yẹn sì tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2017. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí WannaCry dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé North Korea ló wà nídìí ẹ̀.

Ọjọ́ tí àtúnṣe jáde ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Àwọn kan máa ń rò pé tí Microsoft bá ti gbé àtúnṣe jáde, ewu ti dínkù nìyẹn. Fún ẹni tó bá fi sí i, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹni tí kò fi sí i, ọjọ́ náà gan-an ni ewu ń pọ̀ sí i. Ìdí ẹ̀ kò ṣòro. Bí bíríkìlà bá wá dí ihò kan lára ilé, ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí sìmẹ́ǹtì tútù, yóò sì mọ ibi tí ihò náà wà. Bí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò bá jẹ́ irú kan náà, tí ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ wọn, ó ti mọ ibi tí yóò ti wọ ilé àwọn tó kù nìyẹn. Bí àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe gan-an nìyí. Wọn yóò gbé Windows tí wọn kò tíì tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe, wọn yóò wo ohun tó yàtọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa mọ ihò náà.

Kì í ṣe ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lo Windows XP lọ́dún 2003 yóò rántí fáírọ́ọ̀sì Blaster, èyí tó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìṣẹ́jú àáyá 60 sẹ́yìn, kó sì kú fúnra ẹ̀ lójú ẹni tó ń lò ó. Ọjọ́ 16, oṣù Keje ni àtúnṣe tiẹ̀ jáde, ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ ni fáírọ́ọ̀sì náà dé. Ọjọ́ 26 péré. Lọ́dún 2008, Microsoft rí ihò kan tó burú débi pé wọn ò lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé àtúnṣe jáde, wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ẹ̀, Conficker ti gba ibẹ̀ wọlé, ó sì kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Bí àwọn ọ̀daràn ṣe ń mọ iṣẹ́ wọn sí i ni ọjọ́ tó wà láàárín náà ń kúrú sí i. Ní òde òní, ọjọ́ díẹ̀ ló máa ń gbà nígbà mìíràn, àwọn ihò kan sì wà tí àwọn ọ̀daràn ti ń gbà wọlé kí àtúnṣe wọn tó jáde rárá.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni Microsoft ti ní ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n ń gbé àtúnṣe jáde lóṣooṣù: ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Ó dáa kí oníṣòwò mọ ọjọ́ yìí bó ṣe mọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe tó ń jáde lọ́jọ́ náà ló ń jóni lọ́wọ́. Èyí tó yẹ kí ẹ tìtorí ẹ̀ pa iṣẹ́ mìíràn tì máa ń ní àmì. Tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n kọ "Critical" sí i, tí wọ́n sì kọ "Remote Code Execution" mọ́ ọn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà yín láìfọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá wá fi kún un pé àwọn ọ̀daràn ti ń lò ó, ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn àwáwí, àti ohun tó wà nídìí wọn

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ dátà. Windows máa ń jẹ dátà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ẹni tó ń fi fóònù ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin ní íntánẹ́ẹ̀tì kò ní fẹ́ rí update rárá. Nígbà mìíràn, ẹni tó bá wọn tún kọ̀ǹpútà náà ṣe ti lọ tan ohun tí wọ́n ń pè ní "metered connection" sílẹ̀ kí owó má baà máa lọ, Windows kò sì ní fa ọ̀pọ̀ àtúnṣe wálẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Kò burú kéèyàn ṣọ́ owó. Ohun tó burú ni kéèyàn tan án sílẹ̀ kó sì gbàgbé. Dátà tí àtúnṣe oṣù kan máa jẹ, ẹ kọ ọ́ mọ́ owó iná àti owó ilẹ̀ tí ẹ ń san, kó sì tán síbẹ̀.

Òmíràn ni Windows ayédèrú. Àwọn kan tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù máa ń fi Windows tí wọn kò ra sínú ẹ̀, wọn yóò sì pa ibi tó ń gba update, kó má baà di pé Microsoft rí i. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀. Ó rò pé ó dákẹ́ torí pé ara ẹ̀ le ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ ní kí wọ́n ṣí Settings níwájú yín, kí wọ́n tẹ Windows Update, kí wọ́n tẹ "Check for updates". Bí ẹni tó ń tà á bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Àwọn mìíràn ní Windows àwọn ti dàgbà, pé kò sí ohun tí fáírọ́ọ̀sì fẹ́ fi í ṣe. Irọ́ gbuu ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà nínú bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn WannaCry tó yẹ ká tún ṣe. Ọ̀pọ̀ gbà pé Windows XP, tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ẹ̀ dúró láti ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, ló kó o jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iléeṣẹ́ Kaspersky ṣírò pé nínú 100 kọ̀ǹpútà tó kó o, bíi 98 ló ń lo Windows 7, èyí tí àtúnṣe wà nílẹ̀ fún láti oṣù Kẹta. Kì í ṣe pé wọn kò rí oògùn. Wọn kò lò ó ni.

Ẹ̀rù tí àwọn kan ń bà pé update lè ba iṣẹ́ àwọn jẹ́ ni èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò ńlá fi update ètò wọn tó ní àṣìṣe ránṣẹ́, ó sì da kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra láwọn ibi púpọ̀. Kì í ṣe àtúnṣe Windows ló fà á, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ń ṣiyèméjì kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ tó gbọ́n ń ṣe ni pé wọn yóò kọ́kọ́ fi àtúnṣe sínú kọ̀ǹpútà kan tí kò ṣe pàtàkì, wọn yóò lò ó fún ọjọ́ kan, wọn yóò wò ó bóyá ètò ìṣírò owó ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá printer ṣì ń tẹ̀wé, kí wọ́n tó ṣe é sí àwọn tó kù. Ọjọ́ kan sí méjì ni ìyẹn o, kì í ṣe oṣù méjì.

Àpótí kan láti Ghana

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn WannaCry, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, òmíràn tún dé. NotPetya ni wọ́n pè é. Ọ̀nà tó gbà wọlé yani lẹ́nu: inú update ètò ìṣírò owó orí kan tí wọ́n ń pè ní M.E.Doc, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ukraine ń lò, ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Tó bá ti wọ ọ́fíìsì kan, EternalBlue kan náà yìí ló fi ń tàn ká, ṣùgbọ́n ó tún ń jí password tó bá bá nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n wọ èyí tó kù. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi àtúnṣe sí pàápàá lè kó o bí ọ̀kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kò bá tíì gba àtúnṣe. Ẹni tó bá tún kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ṣe nínú mẹ́wàá, tó fi ẹ̀kẹwàá sílẹ̀ torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ló kàn fi ń gbọ́ orin, kó má rò pé òun ti ṣe é tán.

Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Denmark tí iléeṣẹ́ ọmọ ẹ̀, APM Terminals, ń bójú tó ibùdókọ̀ ojú omi l'Ápàpá, wà lára àwọn tó kàgbákò. Wọ́n ní láti to kọ̀ǹpútà 45,000 àti server 4,000 láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ náà sọ pé àdánù àwọn wà láàárín $250 mílíọ̀nù sí $300 mílíọ̀nù. Kò sì sí ẹni tó lè ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí pé àwọn server tó ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ àti password wọn, tó tó bíi 150 káàkiri ayé, ni NotPetya ti pa rẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣètò láti máa ṣe ẹ̀dà ara wọn, wọn ò rò ó pé ọjọ́ kan lè wà tí gbogbo ẹ̀dà máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan ṣoṣo ló yọ. Ghana ló wà. Bí ìwé ìròyìn Wired ṣe sọ ọ́ lọ́dún 2018, iná mànàmáná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn ní Ghana kí NotPetya tó dé, kọ̀ǹpútà náà sì ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìrìn tí wọ́n wá rìn láti gbé ohun tó wà nínú ẹ̀ dé England kò kéré. Dátà inú ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lè gbé kíákíá lọ, kò sì sí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ghana tó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni ẹnì kan bá wọkọ̀ òfuurufú láti Ghana wá sí Nàìjíríà, ó fa hard disk náà lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, onítọ̀hún ló gbé e lọ sí London. Iná tó lọ, tí gbogbo wa máa ń bú, ló gba iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó tóbi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí oníṣòwò kékeré lè rí mú nínú ọ̀rọ̀ Maersk yìí ni pé ẹ̀dà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú ojúlówó kì í ṣe ẹ̀dà. Hard disk tí ẹ fi sára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, tí fáírọ́ọ̀sì bá dé, yóò ti òun náà pa. Ẹ ro ti onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú tó jẹ́ pé gbogbo àwòrán pátákó tí àwọn olóṣèlú gbé fún un lásìkò ìdìbò ló wà nínú kọ̀ǹpútà kan. Owó hard disk kan kò tó ohun tó máa pàdánù ní ọjọ́ kan. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ da fáìlì sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sílé.

Bí ìròyìn ihò tuntun bá jáde

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì, kí ẹ sì yọ hard disk náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Windows Update, kí ẹ jẹ́ kó wá àtúnṣe. Kọ̀ǹpútà tí owó wà nínú ẹ̀ àti èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pín fáìlì lára ẹ̀ ni kí ẹ má fi falẹ̀. Tí dátà kò bá tó lọ́jọ́ náà, ẹ yọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì gba àtúnṣe kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dátà yóò fi dé. Ó lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìkú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni restart. Kọ̀ǹpútà ti fa àtúnṣe wálẹ̀, ó ti tò ó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú kí òun padà tàn, oníǹkan tẹ "Remind me later". Ó tẹ̀ ẹ́ lónìí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe ètò ìpìlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ ó fi ṣe restart. Ẹ sì fiyè sí èyí: nínú Windows 10 àti 11, "Shut down" lásán kì í sábà pa ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tán, torí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Fast Startup, tó ń jẹ́ kó yára tàn. Ó kàn ń sùn ni. Pípa ojú laptop dé kò sì jẹ́ nǹkankan. "Restart" gan-an tàbí "Update and restart" ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ tàbí iná wà nínú bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà tí iná kú mọ́ lára nígbà tó ń to àtúnṣe lè má tàn dáadáa mọ́. Tó bá ti tàn padà, ẹ wọ "Update history" láti rí i pé orúkọ àtúnṣe náà wà níbẹ̀, tí ọjọ́ ẹ̀ sì pé.

Ẹni tó ń bá yín bójú tó kọ̀ǹpútà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé SMB ẹ̀yà kìíní, SMBv1, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wa? Kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́, àfi tí printer tàbí ẹ̀rọ àtijọ́ kan bá nílò ẹ̀. Ìkejì, ṣé ẹnu ọ̀nà 445 àti ti Remote Desktop, 3389, ṣí sí gbogbo ayé lára router wa? Kò sí ìdí tí ẹni tó wà ní òde fi gbọ́dọ̀ lè kan ilẹ̀kùn yẹn. Lọ́dún 2019, Remote Desktop yìí ni Microsoft rí ihò ńlá mìíràn nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní BlueKeep, tí wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde fún Windows XP pàápàá, tó ti pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti pa á tì.

Ní ti àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti dàgbà, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 7 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, àfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kan tó jẹ́ Windows àtijọ́ nìkan ló lè darí ẹ̀, irú èyí tó ń gé bébà tàbí tó ń ya àwòrán sára aṣọ, kò pọn dandan kí ẹ jù ú nù. Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀, ẹ pa Wi-Fi ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ tiẹ̀ nìkan. Fáìlì tí ẹ bá fẹ́ gbé fún un, flash tí ẹ ti yẹ̀ wò ni kí ẹ fi gbé e.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹ pa router, kí ó má baà dé ara àwọn tó kù. Ẹ má sáré san owó ìtúsílẹ̀. Àwọn tó ṣe WannaCry kò ní ọ̀nà tó dájú tí wọ́n fi lè mọ ẹni tó sanwó yàtọ̀ sí ẹni tí kò san, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó san kò fi rí fáìlì wọn gbà. Gbogbo owó tí wọ́n rí kó nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi $140,000, tí ẹ bá pín in fún kọ̀ǹpútà 200,000, kò pé dọ́là kan lórí ọ̀kan. Ẹni tó dá a dúró, Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22 nígbà náà ní England, rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà máa ń wá orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ì tíì sí ẹni tó ni ín. Ó ra orúkọ náà ní $10.69, WannaCry sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pé orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà wà nínú kọ̀ǹpútà tó kó o, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ọdún 2023 ní kí oníṣòwò fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí láàárín wákàtí 72 tó ti mọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa àwọn oníbàárà ọ̀hún lára. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ kọ́kọ́ rí i sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í to Windows mìíràn lé e lórí.